‘Tún’ Kì í Ṣe ‘Tun’: Kí Ni À Ń Pè ní Ìsọdọ̀tun ní Ilẹ̀ Afijio?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó ti gbòde kan nílẹ̀ wa, tí àwọn olóṣèlú fi ń pe èrò jọ, tí àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì fi ń gba owó, tí àwọn oníwàásù sì fi ń gba àwọn ìjọ wọn níyànjú. “Renew” ni ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ètò tí ó pè ní “Renewed Hope”, èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn Yorùbá ń pè ní Ìrètí Ọ̀tun, ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí alátìlẹ́yìn àti alátakò jọ ń jẹ lẹ́nu bí obì. Ẹni tí ó fẹ́ yìn ín ń pè é, ẹni tí ó fẹ́ bú u náà ń pè é. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àwọn méjèèjì dúró kí wọ́n sọ ohun tí ó túmọ̀ sí ní èdè abínibí wọn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ́ tán lẹ́nu wọn.

Kí olùkọ́ kan ní Fìdítì tàbí ní Ìlọrà kọ ọ̀rọ̀ yìí sára pátákó, kí ó sì bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan yóò ní, “Kí á tún nǹkan ṣe ni.” Òmíràn yóò ní, “Kí á sọ ọ́ di titun ni.” Ọmọ awakọ̀ tí ó wà láàárín wọn yóò ní, “Kí á tún lọ san owó ìwé ọkọ̀ ni.” Olùkọ́ kò gbọdọ̀ na ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí kò sí èyí tí ó ṣì í nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ohun kan náà. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí ó gbọ́n jù wá lọ yóò máa ṣèlérí ọ̀kan, yóò sì máa fi èkejì san án.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Abala méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán pọ̀ láti fi ṣe é. Èkíní ni “re”, tí wọ́n yá láti inú èdè Látìn, tí ó túmọ̀ sí ‘lẹ́ẹ̀kan sí i’. Èkejì ni “new”, tí ó jẹ́ ti àwọn fúnra wọn, tí ó túmọ̀ sí ‘titun’. Ẹ wá wo ohun ìyanu tí ó wà nínú èdè tiwa. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí à ń pè ní “tún”, ohùn òkè ni a fi ń pè é. Òun ni a ń lò nígbà tí a bá ń sọ pé ẹnì kan tún lọ, ó tún sọ, ó tún jẹ. Yorùbá sì ní “tun” tí a fi ohùn àárín pè, tí ó wà nínú “titun”, tí ó wà nínú “tuntun”, tí ó sì wà nínú “ọ̀tun”. Èkíní ń sọ nípa iye ìgbà. Èkejì ń sọ nípa bí nǹkan ti rí. Ohùn kan péré ni ó là wọ́n láàárín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti ṣi ọ̀nà pátápátá. Ohun tí à ń pè ní “tún” kì í ṣe ohun tí à ń pè ní “tun”.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í bọ̀wọ̀ fún abala méjèèjì lọ́gbọọgba nígbà tí wọ́n bá ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọjọ́ tí a dá fún ìwé tí a yá ní ilé ìkàwé bá pé, tí a sì lọ bẹ olùtọ́jú ìwé kí ó fi ọjọ́ kún un fún wa, wọn a ní a ti “renew” ìwé náà. Ǹjẹ́ ìwé náà di titun bí? Rárá o. Èèpo rẹ̀ tí ó ti fàya kò kúrò ní fífàya. Ọjọ́ nìkan ni ó yí padà. Bákan náà ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀ nílẹ̀ wa, tí ó máa ń lo ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún kí ó tó kú. Bí awakọ̀ bá lọ gba òmíràn, ìwé ni ó gbà, kò gba ojú titun, kò sì gba ọgbọ́n ìwakọ̀ titun. Bí ó bá jẹ́ awakọ̀ asárékú tẹ́lẹ̀, asárékú tí ìwé rẹ̀ pé ni ó kù tí ó dà. Àní bí àwọn ọmọ ogun bá sinmi, tí wọ́n sì tún kọ lu ìlú lẹ́ẹ̀kejì, Gẹ̀ẹ́sì yóò ní wọ́n “renew” ìjà náà. Ibi kan náà ni a tún ṣe, kò sí ọ̀tun kankan níbẹ̀ àyàfi ọgbẹ́ ọ̀tun.

Nítorí náà, ó di dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ Yorùbá pé kí ó yan èyí tí ó ń fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan bàjẹ́ tí a sì fi ọwọ́ tọ́ ọ, ó ti tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣípò tí a sì dá a padà síbi tí ó wà, ó mú un bọ̀ sípò. Bí ó bá dákú tí a sì ta omi sí i, ó sọ ọ́ jí. Bí àkókò rẹ̀ bá tán tí a sì fi kún un, ó sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Bí ó bá sì gbó, tí a mú ìwà àti ìrísí rẹ̀ kúrò ní ti àtijọ́, ó sọ ọ́ di ọ̀tun. Àwọn baba wa tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì mọ èyí dájúdájú. Nínú iṣẹ́ ńlá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ṣe aṣáájú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì parí ní àwọn ọdún 1880, wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dí gbogbo ibi tí “renew” wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Níbi kan wọ́n lo ‘tún ṣe’, níbi kan wọ́n lo ‘di ọ̀tun’. Wọ́n wo ohun tí a ń sọ kí wọ́n tó yan ohun tí wọn yóò kọ. Ó yẹ kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba.

Àwọn àgbà tilẹ̀ ti pa òwe kan sílẹ̀ fún wa tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń pa òwe yìí níbi òkú, wọ́n sì máa ń rò pé ìdajì méjèèjì ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ tún un wò dáadáa. Eérú kò lè se ọbẹ̀. Bí eérú bá bojú iná, a mọ̀ pé iná ti wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ebi ni yóò pa ẹni tí ó bá gbé ìkòkò lé e. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀, láti ara gbòǹgbò ìyá rẹ̀ ni ó ti jáde, síbẹ̀ ewé tirẹ̀ ni ó ń yọ, èso tirẹ̀ ni ó sì máa so. Eérú wá láti ara iná, ọmọ wá láti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan ṣe ìrántí, èkejì ṣe ìtẹ̀síwájú. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi gbogbo ìjọba tí ó bá sọ pé òun fẹ́ sọ nǹkan di ọ̀tun nìyí: ṣé eérú ni tàbí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀?

Àwa tí a wà ní àyíká Ọ̀yọ́ kò ṣaláì ní àpẹẹrẹ ìsọdọ̀tun tòótọ́ nínú ìtàn wa. Ní àwọn ọdún 1830, Ọ̀yọ́-Ilé tú. Aláàfin Àtìbà kò kó àwọn ọmọlé padà lọ máa rẹ́ ògiri tí ó ti wó. Àgọ́ Ọ̀jà ni ó fi ṣe ibùjókòó, òun náà ni ó di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, tí Ìlọrà àti Awẹ́ fi ṣe aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó pa mọ́ àti ohun tí ó yí padà. Ó pa oyè Aláàfin mọ́, ó pa Ọ̀yọ́ Mèsì mọ́, ó pa ètò ààfin mọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i pé agbára ẹṣin tí ó gbé Ọ̀yọ́ àtijọ́ dìde ti lọ, nítorí náà ó pín iṣẹ́ ogun fún àwọn alágbára titun: ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí ó wàjà ní ọdún 1859, ó fòpin sí àṣà tí ó ní kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú, ó sì fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn òun.

Èyí ni à ń pè ní ‘tun’. Gbòǹgbò wà, ẹ̀ka ọ̀tun sì yọ. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe tan ara wa, ọ̀tun kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin, Ìbàdàn dúró ti Ọ̀yọ́, ogun Ìjàyè sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1862, Ìjàyè ti pa run, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti fọ́n káàkiri. Ẹni tí ó bá sọ fún wa pé òun fẹ́ sọ ìlú di ọ̀tun, tí kò sì ní ohun kan tí yóò ná an, tí kò sì ní ẹnì kan tí yóò bínú sí i, ó yẹ kí á fura sí i. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀dà ni ó fẹ́ kùn.

Bí ìtàn ọba bá jìnnà sí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kó wọn lọ sí oko ọsàn. Fìdítì ni à ń sọ yìí, ìlú tí ọsàn rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rin ọ̀nà Ọ̀yọ́. Igi ọsàn kì í wà títí ayé. Bí ó bá darúgbó, èso rẹ̀ a kéré, ẹ̀ka rẹ̀ a máa gbẹ láti òkè wá. Àgbẹ̀ lè ro abẹ́ rẹ̀, ó lè gé ẹ̀ka gbígbẹ, ó lè da ìgbẹ́ ẹran sí ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, orúkọ rẹ̀ sì ni àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí àtúnṣe kò ní ran igi náà mọ́. Ní ọjọ́ náà, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n ti ní àwọn ọ̀dọ́ igi ní ìpamọ́. Báwo ni a ti ń ṣe wọ́n? A máa gbin ọsàn kan tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, bí èyí tí ó jọ ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó sì kan, tí ó lè fara da ọ̀dá àti àrùn ilẹ̀. Nígbà tí ó bá tó bí ìka ọwọ́, a ó la èèpo ara rẹ̀, a ó mú ojú kan láti ara ẹ̀ka ọsàn dídùn, a ó fi í sínú ojú ọgbẹ́ náà, a ó sì wé e. Bí ojú náà bá mú, a ó gé orí ọsàn kíkan kúrò, kí agbára gbòǹgbò lè máa lọ sínú ojú titun. Irú igi bẹ́ẹ̀ a máa yára so ju èyí tí a gbìn láti inú hóró lọ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ewébẹ̀, tí à ń pè ní NIHORT, ti wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, kò sì jìnnà sí Fìdítì rárá.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni pé ojú titun kò lè dá dúró láìsí gbòǹgbò; ẹni tí ó bá fa gbogbo ohun àtijọ́ tu kò sọ nǹkan di ọ̀tun, ó pa á run ni. Èkejì ni pé gbòǹgbò nìkan kò lè so ọsàn dídùn. Bí a bá fi orí àtijọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ọsàn kíkan ni a ó máa ká títí. Ẹ̀kẹta ni pé láti ọjọ́ tí a bá fi ojú lé e títí di ọjọ́ tí a ó ká èso, ọdún díẹ̀ wà láàárín, ẹnì kan sì gbọdọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò máa bu omi, tí yóò máa ro ó, tí yóò sì máa já ẹ̀ka tí kò wúlò dànù. Ọdún díẹ̀ wọ̀nyí ni ìjọba wa kò tíì mọ bí a ti ń dúró dè.

Ó tó àkókò kí á dé Ìlọrà. Ní ọdún 1959, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a pè ní ibùdó àgbẹ̀, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Fáàmù Sẹ́túmẹ́ǹtì. Ìlọrà wà lára àwọn ibi tí wọ́n dá ibùdó náà sílẹ̀ sí. Olóyè Akin Dékò ni mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, wọ́n sì wo àpẹẹrẹ àwọn abúlé alájẹṣẹ́pọ̀ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì. Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó fa ètò yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì tó wọn. Wọn kò fẹ́ padà sí oko bàbá wọn, nítorí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni ọkọ́, àdá, ẹ̀yìn títẹ̀ àti òṣì. Ohun tí ìjọba rò ni pé kí àwọn sọ iṣẹ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ di ọ̀tun. Wọ́n á kọ́ ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, wọ́n á fún un ní ilẹ̀ àti ilé tí ó dára, wọ́n á yá a lówó, òun á sì máa san án padà nígbà tí oko bá dé ojú ẹ̀.

Èrò yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. ‘Tun’ wà nínú rẹ̀. Wọn kò ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ padà sí oko àtijọ́. Wọ́n ní kí oko fúnra rẹ̀ yí padà kí ó tó pè é. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Iye tí ó ná ìjọba lórí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ púpọ̀. Àwọn ohun ọ̀gbìn bíi igi kò tètè so, bẹ́ẹ̀ ni ebi kì í dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ibùdó sílẹ̀ lọ sí ìlú. Gbèsè kò ṣeé gbà padà. Òṣèlú wọ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn yóò mú àti ẹni tí wọn yóò fi sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1962, ẹgbẹ́ Action Group fọ́ sí méjì, a kéde ìjọba pàjáwìrì sórí Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba. Ojú tí a fi lé gbòǹgbò kò tíì mú dáadáa tí àwọn tí ó ń bu omi sí i fi túká.

Láti ìgbà náà wá, ẹ ka iye ìgbà tí a ti “tún” iṣẹ́ àgbẹ̀ gbé jáde. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation kalẹ̀. Ní ọdún 1980, Ààrẹ Shehu Shagari fi Green Revolution rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1986, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dá DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ àti ojú ọ̀nà ìgbèríko. Nígbà Ààrẹ Goodluck Jonathan, a gbọ́ Agricultural Transformation Agenda. Ní ọdún 2016, nígbà Ààrẹ Muhammadu Buhari, ó di Green Alternative. Lẹ́yìn náà ni Renewed Hope dé. Orúkọ ń pààrọ̀ orúkọ. A kò sọ pé kò sí iṣẹ́ rere kankan nínú wọn. Àwọn àgbẹ̀ kan rí irúgbìn gbà, àwọn kan rí ajílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìjọba kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, ó gbé pátákó titun kalẹ̀, ó sì fi pátákó ti ẹni ìṣáájú dá iná. ‘Tún’ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tún un tún ṣe. ‘Tun’ nìkan ni kò wọlé.

Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú yóò fẹ́ bi wá pé ẹgbẹ́ wo ni a ń bá wí. Gbogbo wọn ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwé ìròyìn yìí na ọmọnìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìbáwí bo ọ̀rọ̀ ìyìn mọ́lẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ìjọba Action Group bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1955 fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ UPN dé orí àlééfà ní ọdún 1979, tí Olóyè Bọ́lá Ìgè sì di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọn kò kàn tún ọ̀rọ̀ 1955 sọ. Wọ́n nà án dé ilé ẹ̀kọ́ gíga alábọ́ọ́dé tí ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ sí sẹ́kọ́ńdírì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ẹgbẹ́ mìíràn ni ó wà níbẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti PDP fagi lé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà tí àwọn òbí ń san fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ yí padà, ọdún yí padà, gbòǹgbò kan náà ni gbogbo wọn ń bu omi sí. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kọ́, kí ni ó dé tí a kò lè ṣe é fún oko?

Lórí oko pẹ̀lú, ohun kan ti ń rú yọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà Mákindé mú ibùdó àgbẹ̀ àtijọ́ ti Akùfọ̀, ó la ọ̀nà sínú rẹ̀, ó sì pè é ní ibùdó titun. Ní Fáṣọlá, tí kò jìnnà sí ìlú Ọ̀yọ́, ó pe àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni wá sórí ilẹ̀ oko ìjọba. Àwọn ará Afijio ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí ti Ìlọrà yóò ti rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń béèrè, kí wọ́n má ṣe béèrè ọ̀dà àti pátákó, nítorí ohun tí a bá béèrè ni a ó fún wa.

Kí ni kí wọ́n wá béèrè? Ìbéèrè mẹ́ta péré ni, ẹ̀yin olùkọ́ sì lè kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn ọmọ tí yóò dìbò lọ́la. Èkíní: kí ni ó bàjẹ́ gan-an? Bí ó bá jẹ́ òrùlé ni ó ń jò, àtúnṣe ti tó, kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ ńlá bo iṣẹ́ kékeré. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí a fi ń yan àgbẹ̀ ni kò dára, tàbí pé kò sí ọjà fún ohun tí ó bá kórè, òrùlé titun mẹ́wàá kò ní tún un ṣe. Ìyẹn ni pé a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Èkejì: kí ni ẹ ó pa mọ́, kí ni ẹ ó sì gé kúrò? Ẹni tí ó bá ní òun kò ní gé nǹkan kan kúrò kò fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tun. Ẹni tí ó bá sì ní òun kò ní pa nǹkan kan mọ́ kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta: ta ni yóò máa bu omi sí i ní ọdún kẹta, nígbà tí ìlù bá ti dákẹ́, tí ayàwòrán bá ti lọ, tí ó sì ṣeé ṣe kí ìjọba mìíràn ti dé? Bí kò bá sí orúkọ àti owó lábẹ́ ìdáhùn ìbéèrè yìí, eérú ni wọ́n fẹ́ fi bojú iná.

Àwọn ará Afijio ní ìdí pàtàkì láti mọ ìyàtọ̀ yìí. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ titun tí a fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú àtijọ́ hun pọ̀: lẹ́tà Fìdítì wà nínú rẹ̀, ti Ìlọrà wà níbẹ̀, ti Jóbẹ̀lẹ̀ tí ó jẹ́ olú-ilé rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Orúkọ lè di titun ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ìlú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé orúkọ titun wá fún ìlú ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, tí kò mú ojú titun wá fún gbòǹgbò rẹ̀, ọsàn kíkan ni yóò máa bá lórí igi ní gbogbo ìgbà tí ó bá padà wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí àga ìpolongo, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ kíá. Ẹ kọ́kọ́ fetí sí ohùn tí a fi pè é. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, iṣẹ́ yín ni láti kọ́ àwọn ọmọ kí etí wọn mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn àárín, kì í ṣe nítorí ìdánwò nìkan, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà ta ‘tún’ fún wọn ní iye owó ‘tun’. Ohun tí a bá tún ṣe lè tún bàjẹ́ lọ́la. Ohun tí ó bá di ọ̀tun láti ìdí, àwọn ọmọ ọmọ wa yóò ká èso rẹ̀.